Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Gba Ajá àti Ològbò Là: Ẹ Sọ Òtítọ́ Ẹranko fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbà Á Tọ́

Sí ẹ̀yin olùdarí, òṣìṣẹ́ àti olùyọ̀ǹda ara nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba ẹranko là ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú ìfaradà, nítorí iṣẹ́ tí ẹ yàn láàyò yìí kì í ṣe èyí tí àwọn èèyàn ń dúpẹ́ rẹ̀ púpọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ajá tí ọkọ̀ gbá tí wọ́n sì fi sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ̀yin lẹ máa ń fa ọmọ ológbò yọ nínú gọ́tà nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń fi owó àpò ara yín ra oúnjẹ àti oògùn fún ẹranko tí kò ní olúwa. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà yìí tó fẹ́ bu iṣẹ́ yẹn kù.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹranko bá ti kúrò lọ́wọ́ yín. Mo ti gba ajá kan àti ológbò kan tọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ bíi tiyín, mo sì ti jókòó pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà, ní Akóbọ̀, ní Ìkẹjà àti ní Ajáh, tí a jọ sọ bó ṣe rí fún kálukú. Inú àwọn kan ń dùn títí dòní. Àwọn kan dá ẹranko náà padà. Àwọn mìíràn kò dá a padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti pinnu pé àwọn kò tún ní gba òmíràn mọ́ láé. Nígbà tí mo fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé wọn, mo rí i pé kì í ṣe owó ló ya àwọn tí inú wọn dùn sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí ilé wọn ṣe tóbi tó. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹni tó fún wọn ní ẹranko náà ti sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbé e lọ sílé. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín nìyẹn: ẹ máa sọ òtítọ́ ẹranko, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ẹ tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tó ń mú kí ẹ fi àwọn nǹkan kan pamọ́. Ibùdó yín ti kún, síbẹ̀ fóònù yín kò yéé dún pé ajá kan tún wà ní ibì kan. Ẹ̀rù ń bà yín pé tí ẹ bá sọ pé ajá yìí ti gé ọmọdé jẹ rí, tàbí pé ológbò yìí máa ń tọ̀ sórí àga nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, kò sẹ́ni tí yóò wá gbà á. Nítorí náà ẹ ya àwòrán rẹ̀ níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, pé ó fẹ́ràn ọmọdé, pé kò ní wàhálà kankan. Àánú ló mú irọ́ kékeré yẹn wá, ṣùgbọ́n ẹranko náà ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀, nítorí òun ni wọn yóò so mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, òun ni wọn yóò sì tì síta lóru nígbà tí ìwà tí ẹ kò mẹ́nu bà bá fojú hàn.

Ìdílé kan wà ní Akóbọ̀ tí wọ́n gba abo ajá pupa kan tọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ajá tó dákẹ́ ni, pé kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé ó dákẹ́. Nígbà tí ó délé, abẹ́ àtẹ̀gùn ló wọ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ń gbé; kì í jẹun àfi tí gbogbo ilé bá ti sùn, bí ó bá sì ti gbọ́ ohùn baálé ilé, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, baálé ilé náà nawọ́ mú ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn láti gbá ẹnu ọ̀nà, ni ajá náà bá fò mọ́ ọn, ó sì gé e jẹ lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n gbé e padà ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó yẹn tó wá ṣàlàyé pé ọwọ́ ọkùnrin kan tó máa ń fi igi nà án ni wọ́n ti gbà á, àti pé láti ìgbà náà ni kò ti lè fara da ọkùnrin tó bá mú ọ̀pá tàbí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìmọ̀ yẹn ì bá ti ṣe. Baálé ilé yẹn kì í ṣe òǹrorò. Ká ní wọ́n ti sọ fún un ni, ì bá máa jókòó sílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ fún ajá náà lóúnjẹ, kì bá tẹjú mọ́ ọn, ì bá máa ju ẹran díẹ̀ díẹ̀ sí i láti òkèèrè títí ajá náà yóò fi máa sún mọ́ ọn fúnra rẹ̀, ìgbálẹ̀ ì bá sì ti kúrò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé, bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, wọn yóò sọ pé ilé àwọn kò bá irú ajá bẹ́ẹ̀ mu, kí ẹ bá a wá ilé tó jẹ́ obìnrin nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Èyíkéyìí tí wọn ì báà yàn nínú méjèèjì, ó sàn ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ, nítorí pé ajá tí wọ́n gbà tí wọ́n sì dá padà ti tún rí ìdí kan sí i tí kò fi yẹ kó fọkàn tán èèyàn, ó sì ti wá di ajá tí a kọ sílẹ̀ pé ó ń géni jẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti ìyá kan pẹ̀lú, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta. Ajá tí ìyá yìí gbà ti darúgbó, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú. Ọmọbìnrin tó fà á lé e lọ́wọ́ kò fi ohun kan bò. Ó ní kí wọ́n má ṣe máa gba apá òsì sún mọ́ ọn nítorí kò ríran níbẹ̀, pé bí èèyàn bá fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ lójijì yóò kùn, pé kò lè jẹ egungun líle mọ́, pé bí àrá bá sán lóru yóò tọ̀ sí ibi tó sùn sí, kì í sì í ṣe oríkunkun. Ó tún ní kò dájú pé yóò pẹ́ láyé. Ìyá yìí sọ fún mi pé nígbà tí òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ọkàn òun balẹ̀, nítorí òun mọ ohun tí òun ń gbé lọ sílé àti ohun tí òun ní láti pèsè sílẹ̀. Ó kó àpò ìrẹsì tó ti gbó jọ fún un láti máa sùn lé, ó ń pààrọ̀ wọn, ó ń fọ̀ wọ́n, nígbà tí àrá bá sì ń sán, ó máa ń jókòó tì í ní pálọ̀. Nígbà tí ajá náà kú, ó sunkún gidigidi. Lẹ́yìn náà ó padà lọ sí ibùdó kan náà, ó ní kí wọ́n fún òun ní arúgbó mìíràn. Àwọn tó ń sọ pé kò sẹ́ni tí yóò gba ẹranko tó ní àbùkù tí wọ́n bá sọ àbùkù rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ìyá yìí.

Òtítọ́ kan tún wà tí ẹ̀yin mọ̀, tí ọ̀pọ̀ àwa tí à ń gba ẹranko tọ́ kò mọ̀, òun ni pé ẹranko tí a rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ni ẹranko tí a óò máa bá gbé. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí káàkiri àgbáyé máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta: nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí ìpayà àkọ́kọ́ tó rọlẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó mọ àkókò oúnjẹ àti ìṣe ilé, àti nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ó tó gbà pé ilé òun ni òun wà. Kì í ṣe òfin tí gbogbo ẹranko ń tẹ̀ lé, àwọn mìíràn a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti sọ ọ́ fún kò ní rò pé ológbò tó sá sẹ́yìn fìríìjì fún ọjọ́ méjì kò fẹ́ràn òun. Àwọn tó gbé ẹranko padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí mo bá sọ̀rọ̀, ohun tí púpọ̀ nínú wọn sọ ni pé àwọn rò pé bó ṣe rí ní ọjọ́ yẹn ni yóò ṣe máa rí lọ.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ni ó dùn mí jù. Tọkọtaya kan ní Ajáh gba ọmọ ajá kan, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó sì kú. Parvo ni, àrùn kan tó máa ń pa ọmọ ajá. Wọ́n pe ẹgbẹ́ tó fún wọn, àwọn yẹn bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fún wọn ní ọmọ ajá mìíràn láti fi tù wọ́n nínú. Òun náà kú. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún tọkọtaya yìí ni pé kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn náà lè wà lórí ilẹ̀, lára kéèjì àti nínú àwo oúnjẹ fún oṣù púpọ̀, pé ọṣẹ lásán kì í pa á, àti pé bílíìṣì tí a bu omi lù bó ṣe yẹ ni a fi ń fọ ibẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé wọ ilé tí parvo ti pa òmíràn, ibi yòówù kí àánú ti wá. Ohun tó sì burú jù ni pé wọ́n gbọ́ nígbẹ̀yìn pé ọmọ ajá méjì tó wà nínú kéèjì kan náà pẹ̀lú èyí àkọ́kọ́ ti kú kí wọ́n tó wá gbé e. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé àrùn kò ṣeé dènà pátápátá ní ibi tí ẹranko ti pọ̀ báyìí. N kò bínú pé àrùn wọ ibùdó. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ẹ máa ya ẹranko tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó fi í tọrẹ, kí ẹ sì fún ẹni tó ń gbà á ní káàdì tó sọ irú abẹ́rẹ́ tó ti gbà, ọjọ́ tó gbà á, àti ọjọ́ tí èyí tó kàn yẹ. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ ajá, a óò sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Nítorí náà ẹni tí ẹ bá sọ fún pé ajá rẹ̀ “ti gba abẹ́rẹ́”, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló gbà, ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ìdajì tí kò gbọ́ yìí sì lè pa ajá náà.

Ti dìgbòlugi kò sí nínú ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí èèyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, pé ajá ló ń kó o ran èèyàn nínú nǹkan bí 99 nínú 100 ọ̀ràn náà, àti pé nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn tó ń kú jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tí a lè fọkàn tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, tí a sì gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn láìfi falẹ̀, èèyàn yóò yè é. Nígbà tí ajá pupa yẹn gé baálé ilé jẹ ní Akóbọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi í ni bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Kò mọ̀. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó abẹ́rẹ́ bá wọ́n yín lọ́rùn, ẹ rántí pé láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún gbígbógun ti dìgbòlugi, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án sì ni báyìí, àwọn dókítà ẹranko sì máa ń gún abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi púpọ̀ ní àsìkò yẹn.

Mo tún fẹ́ kí ẹ máa sọ ohun tí ń pa ẹranko nínú ilé wa gan-an, nítorí pé ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ ni. Ẹnì kan rí i pé ara ológbò òun gbóná, ó fọ́ parasitámọ́ọ̀lù sí ìdajì, ó sì fún un bí ó ṣe máa ń fún ọmọ rẹ̀. Parasitámọ́ọ̀lù jẹ́ májèlé fún ológbò, bó ti wù kí ó kéré mọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìwẹ̀, àwọn tí omi máa ń funfun bíi wàrà bí a bá da wọ́n sí i, nítorí ológbò yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, yóò sì lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti ajá, eégbọn ni ìṣòro tí a kì í rí ojútùú rẹ̀ bọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa, ó sì máa ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, tí èrìgì rẹ̀ yóò fi funfun, tí kò sì ní lè dìde. Àwọn èèyàn wá ń fi oògùn ẹ̀fọn àti aáyán wẹ ajá kí eégbọn lè kú. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti gbógun ti títà dichlorvos, oògùn apakòkòrò olómi tí a mọ̀ sí Sniper, nínú ìgò kékeré nítorí ọṣẹ́ tó ń ṣe fún èèyàn, síbẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dà sí ara ajá tí yóò fi ahọ́n rẹ̀ lá gbogbo ara. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i tó ń pa ẹranko ni ọ̀rọ̀ yín yóò wọ etí jù nígbà tí ẹ bá sọ ọ́.

Mo gbọ́ pẹ̀lú ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wọ́n. Wọ́n ní ẹ máa ń wádìí wọn bí ẹni ń wádìí olè: níbo lò ń gbé, ta ló ni ilé náà, ṣé ọgbà wà níbẹ̀, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ nígbà tí o bá rìnrìn àjò, ṣé o lè ya fídíò ilé rẹ ránṣẹ́? N kò bá wọn dá yín lẹ́bi. Àwọn kan wà tí wọ́n ń wá ajá ọ̀fẹ́ láti tà fún àwọn tó ń pa á jẹ, àwọn mìíràn ń wá abo ajá tí wọn yóò máa mú bímọ léraléra láti ta ọmọ rẹ̀. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ wa, ní abala 495, ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà tó wà níbẹ̀ kò ju ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀, 50 náírà kò sì tó nǹkan kan lónìí. Níwọ̀n ìgbà tí òfin kò ní agbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìbéèrè yín ni odi tí ẹranko náà ní. Ẹ máa béèrè lọ. Kìkì pé kí ẹ rántí alárenà àtijọ́, tó jẹ́ pé bó ṣe ń wádìí ìdílé ọkọ náà ló ń wádìí ti ìyàwó, tí ó sì ń sọ ohun tó bá rí níhà méjèèjì. Ẹ bi wá ní ìbéèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí àwa náà bi yín.

Nínú ìbéèrè yín, ẹ fi ti onílé ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dá ẹranko padà kì í ṣe pé ó sú wọn. Onílé ló ní kí wọ́n yàn láàárín ajá àti yàrá. Ẹ má ṣe gba “onílé mi kò ní sọ nǹkan kan” gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, ẹ bá onílé náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ní ti ológbò, pàápàá èyí tó dúdú, ẹ sọ ọ́ gbangba fún ẹni tó fẹ́ gbà á pé àwọn aládùúgbò lè sọ pé àjẹ́ ló ń sìn, pé ìyá ọkọ lè kọ̀ láti wọlé, pé ẹnì kan lè sọ òkúta lu ológbò náà lórí ògiri. Ó yẹ kí ó ti rò ó, kí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti fohùn ṣọ̀kan. Obìnrin kan ní Ìkẹjà sọ fún mi pé ìgbà tí ẹgbẹ́ tó fún un ní ológbò dúdú ti sọ èyí fún un tẹ́lẹ̀ ni ó lọ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan kí ológbò náà tó dé, ó ṣàlàyé fún wọn pé eku tó ń jẹ ẹrù wọn ni yóò máa pa. Ológbò náà ń rìn káàkiri ọgbà wọn báyìí, wọ́n sì ń fún un ní orí ẹja.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bú ẹni tó bá gbé ẹranko padà wá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé orúkọ àti àwòrán irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta kí gbogbo ayé lè bú u. Ohun tí ìyẹn ń fà ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dé bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn kò ní gbé e padà wá sọ́dọ̀ yín. Yóò ṣí géètì sílẹ̀ lóru ni. Nígbà tí àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester gba ológbò kan, àwọn tó fún un kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìgbàkígbà tí kò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ni kí ó gbé e padà sí, láìsí ìtìjú, wọ́n sì pè é lẹ́yìn ìgbà náà láti béèrè bó ṣe ń jẹun. Mo mọ̀ pé owó tiwọn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: ní ọdún 1860, nígbà tí Mary Tealby dá ilé fún ajá tó sọnù sílẹ̀ ní Holloway ní London, èyí tó di ibùdó ajá àti ológbò tí a mọ̀ sí Battersea lónìí, ìwé ìròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe àánú fún ajá nígbà tí èèyàn ń jìyà. Irú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ń sọ sí yín báyìí. Ìpè orí fóònù kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì náni ní ohun púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi jẹ mọ́ èdè. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti rí lọ́wọ́ yín, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó fọwọ́ sí i lè jẹ́ ọmọ ilé tó kàwé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún ajá lóúnjẹ, tó ń fọ ilé ìwẹ̀, tó ń ṣí géètì nígbà tí wọ́n bá ń yin báńgà ní oṣù Kejìlá tí ajá ń wá ibi tí yóò sá gbà, ìyá àgbà ni, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, mẹ́gáàdì ni. Ìyá àgbà yẹn ni yóò fi ọbẹ̀ tó kún fún àlùbọ́sà po ẹ̀bà fún un, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un ní èdè tó gbọ́ pé àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ẹ jẹ́ kí káàdì ẹranko kọ̀ọ̀kan wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú: ibi tí wọ́n ti gbà á là, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹni tó ti gé jẹ rí bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, abẹ́rẹ́ tó gbà, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tàbí wọn kò tíì ṣe é, oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, àti nọ́ńbà ẹni tí a lè pè lóru. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, ẹ fi ohùn ka gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Àwa bíi mélòó kan tí a ti gba ẹranko tọ́ ní Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú káàdì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, dókítà ẹranko kan sì ti gbà láti bá wa yẹ ọ̀rọ̀ ìṣègùn inú rẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ yòówù nínú yín tó bá fẹ́ ẹ, a óò fún un lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì wá sí ibùdó yín ní ọjọ́ Sátidé tí ẹ bá dá fún wa láti bá yín kọ ti ẹranko kọ̀ọ̀kan tó wà nílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹni kan tó gba ajá àti ológbò tọ́, láti Ìbàdàn